Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ nídìí ìwé ìdámọ̀ ewéko nínú igbó Èkìtì

Ẹ̀yin àbúrò wa, ìwé tí ẹ ń gbé wọ igbó kì í dárúkọ ewéko fún yín. Ìbéèrè ló ń bi yín, méjì-méjì: bó bá rí báyìí, ẹ lọ sí nọ́ńbà 7, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí 12. Ẹ ṣi ẹyọ kan dáhùn, gbogbo èyí tó kù ti bàjẹ́, ìwé náà ò sì ní kìlọ̀. Ẹ ka apá méjèèjì tán kí ẹ tó yan ọ̀kan, kódà bí ti àkọ́kọ́ bá jọ òótọ́.

Ewé gan-an ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Ẹ wo ìyeyè. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí ewé wẹ́wẹ́ tó dojú kọra lára ọ̀pá kan, á ní ewé rẹ̀ dojú kọra, ló bá bá ìdílé onídìílé lọ. Wẹ́wẹ́ yẹn kì í ṣe ewé. Gbogbo wọn àti ọ̀pá tí wọ́n tò sí ni ewé kan ṣoṣo. Ẹ wá èéhù kékeré níbi tí ọ̀pá ti sọ mọ́ ẹ̀ka: ibẹ̀ ni ewé ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí èéhù nídìí wẹ́wẹ́. Àárín ẹ̀ka ni kí ẹ wò, torí ewé máa ń ṣù jọ lórí ṣóńṣó.

Oje funfun nìkan ò tó ẹ̀rí. Ahùn ní in, asofẹ́yẹjẹ ní in, Funtumia elastica, igi rọ́bà ilẹ̀ wa, náà ní in. Ẹ ka ewé tó yọ lójú kan: Funtumia 2, asofẹ́yẹjẹ 3 sí 5, ahùn 5 sí 8. Bó bá jẹ́ 5 ńkọ́? Èso ló máa yanjú ẹ̀: ti asofẹ́yẹjẹ kéré, ó pọ́n, ti ahùn gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń rọ̀ ní méjì-méjì. (Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó nu ojú.)

Igi ńlá ni ìwé sábà máa ń ṣàpèjúwe. Etí ewé ìrókò kékeré ní eyín. Ti àgbà jọ̀lọ̀. Ewé tó jábọ́ sábẹ́ igi sì lè jẹ́ ti ìtàkùn tó gùn ún.

Nínú Flora of West Tropical Africa, ìwé ńlá nípa ewéko Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹ̀dà kejì tó jáde láàárín 1954 sí 1972, Chlorophora excelsa ni ìrókò ń jẹ́; Milicia excelsa ni lónìí. Ẹ kọ méjèèjì. Bí àgbà bá sọ orúkọ fún yín, ẹ kọ ìlú rẹ̀ mọ́ ọn: orúkọ tí wọ́n ń pè é nílùú Ìsẹ̀ lè má jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè é nílùú Ọ̀tùn.

Ẹ kọ àwọ̀ òdòdó, òórùn àti oje sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí wọ́n á lọ bí ẹ̀ka tí ẹ gé bá gbẹ. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn, ẹ yí ewé kan dé kí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn. Lásìkò òjò, ojoojúmọ́ lẹ ó máa pààrọ̀ ìwé ìròyìn náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀ka náà á bu.

Ẹ máa kọ nọ́ńbà tí ẹ gbà kọjá, kí ẹ fi àmì ìbéèrè sí èyí tó ṣe yín ní iyèméjì. Bí àpèjúwe tó wà níparí ò bá bá ẹ̀ka ọwọ́ yín mu, ìdí àmì yẹn lẹ ó padà sí, kì í ṣe nọ́ńbà 1.