Ta Ló Ń Bá Sọ̀rọ̀?

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀, bí wọ́n bá fún yín ní ìtàn àròsọ Éṣíà òde òní tó dá lórí bí ẹnì kan ṣe dolówó, ẹ má wo iye tó kó jọ nìkan. Ẹ wò ó bóyá ó rẹ́ni fọ̀rọ̀ lọ̀. Ohun tí ìwé kíkà kọ́ mi nìyẹn.

Ẹ mú The White Tiger, ìwé Aravind Adiga tó gba ẹ̀bùn Booker, ẹ̀bùn ńlá fún ìwé ìtàn àròsọ, lọ́dún 2008. Balram, ọmọ tálákà láti abúlé kan ní Íńdíà, di awakọ̀ olówó kan ní Delhi. Ó pa ọ̀gá rẹ̀, ó gbé àpò pupa tí 700,000 rupee wà nínú rẹ̀, ó sá lọ sí Bangalore, ó sì dá iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀. Owó dé. Àmọ́ òru méje ló fi jókòó sí ọ́fíìsì, lábẹ́ iná gíláàsì ńlá tó so mọ́ àjà rẹ̀, tó ń kọ lẹ́tà sí Wen Jiabao, olórí ìjọba Ṣáínà nígbà náà, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ẹbí ọ̀gá náà ti pa àwọn ẹbí òun nílé nítorí ohun tóun ṣe. Ta ló tún kù tó máa sọ ọ́ fún? Lẹ́tà yẹn dùn mí wọra ju ìpànìyàn ọ̀hún gan-an lọ.

Mohsin Hamid, ọmọ Pakistan, kọ How to Get Filthy Rich in Rising Asia lọ́dún 2013 bí ìwé tó ń kọ́ni lọ́gbọ́n àtilà. “Ìwọ” ló ń pe ẹni tí ìtàn dá lé, kò fún un lórúkọ títí tó fi parí. Ọkùnrin yìí ń se omi ẹ̀rọ, ó ń rọ ọ́ sínú ike àlòkù, ó ń lẹ ìdérí rẹ̀ pa kó lè jọ ojúlówó. Ó là. Ìyàwó kọ̀ ọ́, ọmọ lọ sókè òkun, àna rẹ̀ kó owó ilé-iṣẹ́ sá lọ. Ìgbà tí owó tán ni òun àti obìnrin tó ti fẹ́ràn láti èwe tó jọ ń gbé, tàgbà-tàgbà. Ẹ má sáré ka ibẹ̀ o.

Nínú Five Star Billionaire ti Tash Aw, Phoebe, ọmọ Malaysia, ń fi káàdì ìdánimọ̀ ẹlòmíràn wá iṣẹ́ ní Shanghai; ẹni tó bá yàn án lọ́rẹ̀ẹ́ kò mọ ẹni tóun ń bá rìn.

Ẹ má wá torí èyí kọ ọ́ nínú ìdánwò pé owó ló jẹ̀bi. Àìlówó náà ń pani: ikọ́ ife ló pa bàbá Balram, ní ilé ìwòsàn ìjọba tí dókítà kankan kò yọjú sí. Ẹ ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó gbé bírò.