Àbúrò mi, má tíì dí ihò yẹn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan pè mí níbí ní Bowie, ìpínlẹ̀ Maryland, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó ní, "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí ihò kan lábẹ́ ilé pákó tí mo ń kó irinṣẹ́ sí. Skunk ni. Mo ti ra búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì, alẹ́ òní ni mo máa dí i pa." Skunk ni ẹranko dúdú tó ní ìlà funfun lẹ́yìn, tó máa ń tú omi olóòórùn burúkú láti ìdí rẹ̀ bí wọ́n bá halẹ̀ mọ́ ọn. Àyà mi já. Oṣù Karùn-ún la wà. Mo ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, mo wọ bàtà, mo lọ bá a.

Ọdún kejìlá mi rèé tí mo ti ń gbin ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ata rodo sí ẹ̀yìnkùlé nílùú yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé, àṣìṣe tí mo ṣe ni mo ń rí lọ́wọ́ yín. N kò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń kọ ebè. Skunk ni mo fẹ́ sọ.

Àkọ́kọ́, ẹ mọ ohun tó ń wá. Ẹ̀fọ́ yín kọ́. Ìdin funfun tó ká bí ìwọ̀, tó ń jẹ gbòǹgbò koríko, irú èyí tó ń di kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Japanese beetle, lòun ń wá. Bí ẹ bá jí tí ẹ bá ihò kéékèèké nílẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, tí ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, òun ló wá lóru. Ẹ gbógun ti ìdin, ẹ ṣa èso tó já bọ́, ẹ má fi oúnjẹ ajá sílẹ̀ níta mọ́jú.

Èkejì, ọgbà. Skunk kò mọ nǹkan gùn dáadáa, ilẹ̀ gbígbẹ́ ni tirẹ̀. Àwọ̀n irin tí ojú rẹ̀ kò ju ìdajì íǹṣì lọ ni kí ẹ fi yí ebè ká, kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1, kí ẹ sì tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ síta. Ibi tó tẹ̀ síta yẹn ni iṣẹ́ wà: bó bá ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, irin ni èékánná rẹ̀ yóò bá. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, mo kàn gbé e kalẹ̀ ni. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tó fi gba abẹ́ rẹ̀ wọlé.

Ẹ̀kẹta ni ihò.

Ọdún kẹta mi níbí ni. Mo rí ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé irinṣẹ́ mi, mo sì pe ọkùnrin kan tó ní iṣẹ́ òun ni lílé ẹranko kúrò nílé onílé. Mo bi í pé ṣé kò ní ọmọ nínú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ibẹ̀ ti ṣófo. Ó fi àwọ̀n àti òkúta dí i nírọ̀lẹ́, ó gba dọ́là 350, ó lọ. Títí dòní, bí mo bá rí ọkọ̀ tó jọ tirẹ̀, inú mi ṣì máa ń ru.

Lóòótọ́ ni ìyá ti jáde. Oúnjẹ ló jáde lọ wá. Inú oṣù Karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ni wọ́n máa ń bímọ, mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, ojú ọmọ kì í tíì là, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí wọ́n tó lè tẹ̀ lé ìyá wọn jáde.

Lóru ọjọ́ náà mo gbọ́ tí nǹkan ń ha pákó. Ó ti padà dé. Ó gbẹ́lẹ̀ yí ilé náà ká, ó tú ebè ewédú mẹ́ta. Ajá wa sáré bá a. Mo wà lójú fèrèsé, iná ẹ̀yìnkùlé sì mọ́lẹ̀: ó fi ẹsẹ̀ iwájú lu ilẹ̀, ó na ìrù sókè, ó kọ ìdí sí ajá. Ó kìlọ̀ fún un. Ajá kò gbọ́, ló bá tú omi rẹ̀ sí i lára.

Asín ń rùn, ẹtà ń rùn, ṣùgbọ́n èyí ju òórùn lọ; ó ń ta ojú bí ata, ó ń há ọ̀fun. Ajá sá wọlé, ó ń yí gbiri lórí kápẹ́ẹ̀tì. Aṣọ òkè tí màmá mi rán wá láti Ìṣẹ́yìn wà nínú yàrá yẹn. Wọ́n ní tòmátì ló ń lé e, mo tú agolo mẹ́jọ lé ajá lórí. Irọ́ ni. Bí omi bá tún kàn án, òórùn á tún jí. Ẹ kọ èyí sílẹ̀: hydrogen peroxide, omi tí wọ́n fi ń fọ egbò, tó jẹ́ ìdá 3 nínú 100, bíi lítà kan, baking soda, ìdámẹ́rin ife, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, ṣíbí tíì kan. Paul Krebaum, onímọ̀ kẹ́míkà ará Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1993. Ẹ lò ó lójú ẹsẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kan ojú ajá, ẹ má sì rọ ọ́ sínú ìgò kí ẹ dé e, torí ó lè bú gbàmù.

Òórùn kọ́ ló dùn mí jù. Lọ́jọ́ kejì mo gbọ́ igbe tínrín lábẹ́ pákó, bí ọmọ ẹyẹ. Mo pe ọkùnrin yẹn títí, kò gbé e. Lọ́jọ́ kẹta mo fọwọ́ ara mi tú àwọ̀n náà. Ọmọ márùn-ún. Mẹ́ta ti kú. Wọ́n kò tóbi ju èkúté lọ, àmọ́ ìlà funfun ti hàn lẹ́yìn wọn. Èmi náà bímọ mẹ́ta, mo mọ bí ọmú ṣe ń wú bí ọmọ kò bá mu ún. Mo jókòó sórí koríko, mo sunkún. N kò fọwọ́ kàn wọ́n, torí skunk wà lára àwọn ẹranko tó ń gbé àrùn dìgbòlugi kiri ní Amẹ́ríkà. Mo ṣí ẹnu ihò sílẹ̀, mo wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó dé. Ó fi ẹnu gbé ọ̀kan lọ, ó padà wá gbé èkejì. Ó tún padà wá lẹ́ẹ̀kẹta, ó wọ inú ihò náà, ó sì pẹ́ púpọ̀ kó tó jáde.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gba búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ àbúrò mi. A fọ́n fúláwà síwájú ihò nírọ̀lẹ́ kí ẹsẹ̀ lè hàn níbẹ̀. Tó bá di ìparí oṣù Keje tàbí oṣù Kẹjọ, tí ẹsẹ̀ kéékèèké bá ti ń tẹ̀ lé ti ńlá jáde, a ó gbé ilẹ̀kùn àwọ̀n tí wọ́n lè tì jáde àmọ́ tí wọn kò lè tì wọlé síbẹ̀. Bí fúláwà bá wà bó ṣe wà fún alẹ́ mẹ́ta, a ó wá dí i.

Láàárọ̀ àná ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Ẹsẹ̀ ńlá kan ṣoṣo ló jáde, òun náà ló padà wọlé. Ó ní òun ti dá sìmẹ́ǹtì padà.