Àtàǹpàkò òsì

Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ọ́fíìsì mi báyìí, níbí ní Ìlọrin. Ẹ̀rọ ló gé àtàǹpàkò ọ̀tún ọmọ náà níbi iṣẹ́. Àwọn ọ̀gá sanwó ọsibítù, wọ́n fi owó díẹ̀ lé e, wọ́n wá gbé ìwé kan síwájú rẹ̀ pé kó tẹ̀ka, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Mo wo ìwé náà títí. "Àtàǹpàkò ọ̀tún" ni wọ́n kọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnìkan ti fi bírò fagi lé "ọ̀tún", ó kọ "òsì" sórí rẹ̀. Tàdáwà ṣì wà léèékánná ọmọ náà.

Ìyá ní, "Lọ́yà, kádàrá ni. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká bá wọn jà, àbúrò ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

Mi ò bá wọn jiyàn kádàrá (ta ni mí?). Mo ní òfin ọdún 2010 tó dá lórí òṣìṣẹ́ tó fara pa kò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí. Òṣìṣẹ́ ò lè tẹ̀ka pé òun yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ òun. Kí ó fi ìjàǹbá náà tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá fi tó NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó fara pa, létí láàárín ọjọ́ 7. Ọ̀gá ló ń dá owó sápò àjọ yẹn, kì í ṣe òṣìṣẹ́.

Ọmọ ò sọ nǹkan kan, àfìgbà tó bi mí bóyá òun ṣì lè wa ọ̀kadà.

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán, ṣé wọ́n ti gbé irú ìwé yìí síwájú èèyàn yín rí?