Ṣé Kí N Ta Alùpùpù Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin Mi?

Honda TRX400EX ti ọdún 2003 ni mo ń gùn níbí ní Texas, owó tí mo sì ti ná lé e lórí ti ju iye tí mo fi rà á lọ. Mo ní kí wọ́n bá mi gbẹ́ inú sílíńdà rẹ̀ kí ó lè gba písítìn tó sọ ẹ́ńjìnnì 397cc di 440cc, mo sì pààrọ̀ sàléńsà. Agbára rẹ̀ pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé atẹ́gùn àti ọ́ìlì ló ń tù ú, tí kò ní rédíétọ̀, bí mo bá rọra ń gùn ún nínú igbó lóṣù Kẹjọ, ooru rẹ̀ a máa jó mi nítan. Kò sì ní rìfáàsì. Bí imú rẹ̀ bá ti kọ igi, n ó sọ̀kalẹ̀ fà á sẹ́yìn ni, tèmi tìrora ẹ̀yìn.

Raptor 700 ti Yamaha wọ̀ mí lójú: 686cc ni láti ilé iṣẹ́, omi ló ń tù ú, ó sì ní rìfáàsì. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ra tèmi kò ní san owó iṣẹ́ tí mo ṣe sí i, nítorí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti gbẹ́ máa ń kọ àwọn oníbàárà lóminú. N ó ṣì máa gùn ún. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì, tí èéfín búlúù ń jáde, ìgbà náà ni n ó tà á.