Wọn ò padà wá mú wọn

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Eyín yẹn ti jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi gbọ́ ariwo rẹ̀ láti oṣù Kẹwàá, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú, ẹ̀kọ mímu nìkan ló ń wọlé, wọ́n sì ní kí n má wá síbi iṣẹ́ lọ́la. Màámi pè lọ́sàn-án, wọ́n bi mí ní ohun tí wọ́n máa ń bi mí ní gbogbo oṣù Kejìlá. Ẹ mọ èsì mi.

Kì í ṣe eyín ló gbé mi dé ibí lálẹ́ yìí ṣá. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbọ́ níbi tí mo ti ń dúró de dókítà, kò sì tíì fi ọkàn mi sílẹ̀.

Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ ara ògiri níbẹ̀, Rudolph ló sì wà lórí rẹ̀, eré Kérésì ti 1964 nípa àgbọ̀nrín Bàbá Kérésì tí imú rẹ̀ ń tàn, èyí tí wọ́n fi ọmọlangidi ṣe. Ẹni tó fi eré yẹn sí ọ́fíìsì dókítà eyín, Ọlọ́run á bù kún un. Ẹ ṣáà rántí Hermey, elf (iwin kékeré tó ń bá Bàbá Kérésì ṣiṣẹ́) tí kò fẹ́ bá wọn kan nǹkan ìṣeré mọ́ nítorí pé iṣẹ́ dókítà eyín ló wù ú, tó sì padà fa gbogbo eyín ẹnu abàmì ẹranko yìnyín yẹn. Mo di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, mò ń wò ó. Bàbá kan tí irun orí rẹ̀ ti funfun jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin. Nígbà tí eré dé erékùṣù tí àwọn nǹkan ìṣeré alábùkù ń gbé, bàbá náà tẹ̀ sí etí ọmọ, ó ní, “Lọ́dún àkọ́kọ́, wọn ò padà wá mú wọn o.”

Ọmọ náà ní, “Kí ló dé?”

Nọ́ọ̀sì pe orúkọ mi.

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, ẹnu mi kú tipiri, wọ́n ń fa eyín, ohun tó ń yí lọ́kàn mi ni pé wọn ò padà wá mú wọn.

Òótọ́ ni bàbá náà sọ. Ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1964 ni NBC, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ gbé e sáfẹ́fẹ́. Gbogbo wọn ló wà ní erékùṣù yẹn: ọkọ̀ rélùwéè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní igun mẹ́rin, ọkọ̀ ojú omi tó máa ń rì, ìbọn olómi tó jẹ́ pé jẹ́lì ló ń tú jáde, erin tí ara rẹ̀ rí tótòtó, cowboy tó gun ògòǹgò, àti ọmọlangidi obìnrin kékeré kan tí ẹnikẹ́ni ò sọ ohun tó ṣe é títí eré fi parí. Kìnnìún abìyẹ́ tó jẹ́ ọba wọn bẹ Rudolph àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n bá àwọn sọ fún Bàbá Kérésì. Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Kérésì gbéra lálẹ́ ọdún, imú Rudolph ń tàn níwájú, eré parí, a ò rí i kí wọ́n yà sí erékùṣù. Àwọn tó wò ó ò gbà. Wọ́n kọ lẹ́tà. Nígbà tí Kérésì 1965 fi máa dé, wọ́n ti ṣe apá tuntun tí Bàbá Kérésì ti lọ kó wọn. Èyí tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọmọdé inú 1964 pé 1965 ń bọ̀? Mo rò ó títí mo fi délé. Bàbá yẹn á ti jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ nígbà náà. Eré parí, wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní kó lọ sùn. Kò sí fídíò, kò sí YouTube, kò sí bó ṣe lè dá a padà kó wò ó bóyá ojú òun ló fò ó. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi wà nínú òtútù yẹn lọ́kàn rẹ̀. Láti ìgbà náà ó ti rí i tí wọ́n kó wọn láìmọye ìgbà. Síbẹ̀, nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ti àkọ́kọ́ ló sọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ti àkọ́kọ́?

Mo pe Bùọ̀dá mi. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, “Ìwọ náà! Ọmọlangidi ni o. Igi àti aṣọ.” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.” Ó sì jẹ́ òótọ́. Igi àti aṣọ ni. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ fẹ́ràn wọn náà nìyẹn. Ní Tokyo, Tadahito Mochinaga àti àwọn èèyàn rẹ̀ á sún apá ọmọlangidi díẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á tún sún un díẹ̀, wọ́n á tún yà á, títí odidi eré fi parí. Toronto ni wọ́n ti gba ohùn sílẹ̀, obìnrin, Billie Mae Richards, ló sì fọhùn Rudolph. Fíìmù òde òní ń yọ̀ bí ilá, mo sì ń wò wọ́n, mi ò bá wọn jà. Àmọ́ nínú èyí, irun ara Rudolph ń gbọ̀n níbi tí ọwọ́ ti kàn án. Ẹ lọ wò ó. Ẹnì kan ló fọwọ́ kàn án níbẹ̀, tó yọ ọwọ́ kúrò kí wọ́n tó ya fọ́tò.

Kì í ṣe ìgbà èwe mi ni mò ń wá nínú rẹ̀ o. Kérésì tiwa nílé, ìrẹsì ni, aṣọ tuntun ni, bánńgà ni, kò sí yìnyín kankan níbẹ̀. Àgbà ni mo dà kí n tó pàdé eré yìí, nínú ìgbà òtútù mi àkọ́kọ́ níbí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kà mí láti ìgbà yẹn mọ irú ìgbà òtútù tó jẹ́.

Kódà wọ́n ṣi ọdún kọ! Nọ́ńbà àwọn ará Róòmù ni wọ́n fi kọ ọ́ sára eré, M kan jábọ́, 1964 di 1164. Ó wà bẹ́ẹ̀. Ti àwọn nǹkan ìṣeré ni wọ́n sáré tún ṣe, wọ́n fi ti ọdún sílẹ̀, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ọmọ wo ló máa sunkún nítorí M?

Akọ̀wé kan ní ilé iṣẹ́ tó ṣe eré yìí ló kó ọmọlangidi Rudolph àti ti Bàbá Kérésì lọ sílé rẹ̀, wọ́n ń tò wọ́n sábẹ́ igi Kérésì. Ní 2020 wọ́n ta àwọn méjèèjì ní gbàǹjo ní $368,000. Igi àti aṣọ! Mo ti fi ránṣẹ́ sí Bùọ̀dá. Wọn ò tíì fèsì.

1965 yẹn kan náà ni eré Kérésì ti Charlie Brown, ọmọkùnrin inú àwòrán ẹ̀fẹ̀, jáde, èyí tí àwọn ọ̀gá CBS, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mìíràn, wò tí wọ́n rò pé kò ní ta, torí ó lọ́ra, orin jáàsì ló wà nínú rẹ̀, ohùn ọmọdé gidi ló sì ń sọ̀rọ̀. Mi ò so wọ́n pọ̀ rí, àfi lálẹ́ yìí. Lọ́dún kan náà, Bàbá Kérésì padà lọ kó àwọn alábùkù, Charlie Brown náà lọ láàárín gbogbo igi onírin tó ń dán, ó mú igi ẹlẹ́gẹ́ tí kò sẹ́ni tó máa rà á. Oṣù Kejìlá kan náà. Bóyá ohun kan ń ṣe wọ́n ní ilẹ̀ yìí nígbà náà tó... ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ó yẹ kí n ti sùn. Mo ní kí n kàn wo ìparí Rudolph lẹ́ẹ̀kan sí i.

Níbi tí orúkọ àwọn òṣèré ti ń kọjá, elf kan ń ju àwọn nǹkan ìṣeré náà sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ Bàbá Kérésì, ó ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní agbòjò kó lè balẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó wá kan ẹyẹ. Ẹyẹ yẹn kì í fò, wíwẹ̀ ló mọ̀, ìdí tó fi bára rẹ̀ ní erékùṣù nìyẹn. Elf ò fún un ní agbòjò. Ẹyẹ ṣáà ni, ó rò pé á fò. Ó jù ú sílẹ̀.

Inú bí mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń ta. Pẹ̀lú gbogbo lẹ́tà yẹn! Wọ́n padà lọ, wọ́n kó gbogbo wọn, wọ́n dárúkọ olúkúlùkù, kò sì sẹ́ni tó béèrè ohun tó ṣe ẹyẹ. Bóyá bàbá yẹn náà ti rí i. Bóyá ìdí tí kò fi sọ fún ọmọ náà pé wọ́n ti tún un ṣe nìyẹn. Tàbí ó sọ ọ́ lẹ́yìn tí mo wọlé.

Rárá. Mo ti pinnu: wọn ò tíì kúrò lórí òkun nígbà tó jù ú sílẹ̀. Omi ló yí erékùṣù yẹn ká. Inú omi ló bọ́ sí, ó sì mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Bùọ̀dá ti fèsì. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa $368,000. Wọ́n ní èwo ni ti àwọn ọmọ ìyá méjì yẹn, ọ̀kan oníná, ọ̀kan oníyìnyín? Eré Kérésì mìíràn ni, ti 1974, *The Year Without a Santa Claus*. Mo ti fi ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ní ti àwọn ọmọ ni. Àwọn ọmọ tó wà ní yunifásítì!

Òògùn ìrora ti tó lílò.