Ìlà méjì yọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibà

Ara ọmọ àbúrò mi tún gbóná janjan, bẹ́ẹ̀ kò tíì pẹ́ tó parí oògùn ibà. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan lápá Lafẹ́ńwá, níbí l'Abẹ́òkúta. Nọ́ọ̀sì gún un lórí ìka, ó kán ẹ̀jẹ̀ sínú ihò kékeré lára ike tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò ibà, ó kán omi àyẹ̀wò sí ìkejì, ó wá gbójú lé aago títí ìṣẹ́jú 15 fi pé. Ìlà yọ níbi C, tó ń fi hàn pé àyẹ̀wò náà ṣiṣẹ́; ó yọ níbi T, tó ń sọ pé ibà wà.

Ìyá ọmọ ti ń tú báàgì wá owó oògùn. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ fara balẹ̀ ná, Ìyá Àyọ̀. Ìgbà wo ló lo oògùn ibà kẹ́yìn?"

Ìbéèrè yẹn wú mi lórí gan-an. Ohun tí àyẹ̀wò náà ń wá ni purotéènì HRP2 tí kòkòrò ibà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò lè ti kú tán, kí purotéènì yìí ṣì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ awò ní láàbù, wọn ò rí kòkòrò kankan. Dókítà yẹ etí ọmọ wò: inú rẹ̀ pọ́n kuku, ó ti wú. Etí ló ń dà á láàmú!

Mi ò bu ẹnu àtẹ́ lu àyẹ̀wò yìí o, ó sàn ju ká kàn máa méfò lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n bí ìlà C ò bá yọ, ẹ ní kí wọ́n ṣe òmíràn, T ì báà yọ.