Ẹ Sàmì sí ALT Lọ́jọ́ Àkọ́kọ́

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ń ṣe. Bí fọ́ọ̀mù bá wọlé láti wọ́ọ̀dù pé wọ́n ń fura sí páńkíríásì tó wú, ìyẹn ẹ̀yà inú tó ń ṣe omi tó ń da oúnjẹ, mo máa ń wò ó bóyá wọ́n béèrè fún lipase tàbí amylase, àwọn èròjà tó ń ti páńkíríásì wá. Wọ́n sábà máa ń béèrè. Ohun tó máa ń dùn mí ni pé wọ́n á gbàgbé ALT, èròjà inú ẹ̀dọ̀ tó máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ bí nǹkan bá ṣe ẹ̀dọ̀.

Bí lipase bá fi ìlọ́po mẹ́ta ga ju ibi tó yẹ kó mọ, tí òkè ìdodo aláìsàn sì ń ro ó gan-an títí kan ẹ̀yìn, páńkíríásì ló wú. Kò tíì sọ ohun tó wú u. Òkúta inú àpò òróòro àti ọtí ló ń fa èyí tó pọ̀ jù, ìtọ́jú wọn ò sì rí bákan náà.

Òkúta wẹ́wẹ́ ló sábà máa ń dáràn. Á yọ́ jáde nínú àpò òróòro, á wá há sí ibi tí ọ̀nà òróòro àti ọ̀nà omi páńkíríásì ti pàdé kí wọ́n tó wọ ìfun. Dókítà Eugene Opie ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, ló kọ èyí sílẹ̀ ní 1901, lẹ́yìn tó rí irú òkúta bẹ́ẹ̀ nínú òkú ẹni tí àìsàn yìí pa. Bí òróòro ò bá rọ́nà lọ, ẹ̀dọ̀ á fara gbá a, ALT á sì tú sínú ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ òkúta náà kì í pẹ́ bọ́ sínú ìfun, ALT á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ kíákíá. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ bá wá fà lọ́jọ́ kẹrin lè dà bí ipasẹ̀ olè tí òjò ti fọ̀.

Dókítà Tenner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó oríṣiríṣi ìwádìí jọ ní 1994. Wọ́n rí i pé bí ALT bá ti tó 150, nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, bíi 95 ló jẹ́ pé òkúta ló fà á. Ẹ má ṣe yí i po o: ALT tí kò ga ò ní kí òkúta má sí níbẹ̀. Nǹkan bí ìdajì àwọn tí òkúta ṣe ni tiwọn kì í ga tó bẹ́ẹ̀.

Skáànù ńkọ́? Ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n ìfun aláìsàn yìí máa ń kún fún afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ kì í sì í jẹ́ kí skáànù ríran dáadáa. Bí kò bá rí nǹkan tí ALT sì ga, ẹ tún un ṣe nígbà tí inú bá rọlẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó jẹ́ SS ló ká mi lára jù. Ẹ̀jẹ̀ pupa wọn ń fọ́ lójoojúmọ́, bilirubin, èròjà tó ń mú ojú pọ́n, tó ń tinú rẹ̀ jáde ló sì ń dì di òkúta dúdú nínú àpò òróòro, àní nínú ọmọdé. Bí inú bá ń run wọn, "kíráísísì ni" ni gbogbo ayé máa ń sọ. Ojú wọn ti pọ́n tẹ́lẹ̀, bilirubin wọn ti ga tẹ́lẹ̀. AST, èròjà mìíràn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀dọ̀ wò, pàápàá wà nínú ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń fọ́ yẹn, ó lè ṣini lọ́nà. ALT ló ṣeé gbára lé jù níbẹ̀, torí inú ẹ̀dọ̀ ló pọ̀ sí.

Bàbá kan wà tí wọ́n kọ "ọtí" sí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Lóòótọ́ ló ń mu ẹmu, ìyàwó rẹ̀ sì ti bá a wí tán níwájú àwọn èèyàn. ALT rẹ̀ lé ní 300. Mo pe dókítà rẹ̀ lórí fóònù. Skáànù sì rí òkúta.

Ẹni tí òkúta ṣe, tí àìsàn náà ò sì le jù, ó yẹ kí wọ́n yọ àpò òróòro rẹ̀ kó tó kúrò ní ọsibítù. Ìwádìí PONCHO tó jáde ní 2015 láti Netherlands, tí aláìsàn 266 kópa nínú rẹ̀, fi èyí hàn: nínú àwọn tí wọ́n ní kó lọ sílé kó padà wá fún iṣẹ́ abẹ, 17 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú tàbí tí wàhálà òkúta tún dá padà sí ọsibítù láàárín oṣù mẹ́fà. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe fún kó tó lọ, 5 péré ni. Lọ́dọ̀ wa, tí owó iṣẹ́ abẹ kì í tètè jọ, ẹni tó bá ti lọ sílé lè má padà wá mọ́.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó wà ní wọ́ọ̀dù: ẹ fa ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́jẹ́ kó má bàa fọ́, ẹ sàmì sí ALT, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti wákàtí tí inú rírun náà bẹ̀rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù.